Kòkòrò Tí Kò Sí, Oògùn Tó Jẹ́

Lára àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú jáde ní ilẹ̀ Bábílónì àtijọ́, ọ̀kan wà tó ń sọ bí eyín ríro ṣe dé ayé. Ó ní kòkòrò kan lọ sunkún níwájú òrìṣà oòrùn, ó ń béèrè ohun tí yóò máa jẹ. Wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ tó pọ́n lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́, ó ní inú eyín àti ẹran ìdí eyín ọmọ ènìyàn ni òun fẹ́ máa gbé. Lẹ́yìn ìtàn yìí ni oògùn rẹ̀ tẹ̀ lé e: ọtí ọkà, òróró, àti ọfọ̀ tí wọn yóò pè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fi oògùn sí eyín náà. Etí ọmọ Yorùbá kò ní ṣe àjèjì sí ìtàn yìí, nítorí akokoro tí a ń pe àrùn tó ń jẹ eyín àti kòkòrò fúnra rẹ̀ jọra lẹ́nu. Ní Ṣáínà, àmì tí àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ fín sára egungun fún eyín tó ti bàjẹ́ ya kòkòrò mọ́ eyín. Ní Róòmù, Scribonius Largus tó ṣe ìṣègùn ní ọ̀rúndún kìíní pẹ̀lú ń lé kòkòrò kúrò nínú eyín. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jọ jókòó sọ ọ́. Ihò tó wà lára eyín jọ ihò tí kòkòrò ń lu sínú obì àti àgbàdo, ìrora rẹ̀ sì máa ń rìn bí ohun abẹ̀mí. Ẹni tó rí èyí tó sì sọ pé kòkòrò ni, ojú rẹ̀ ló lò. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò sí. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni pé ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ṣe sí kòkòrò tí kò sí yìí ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, nítorí náà ó yẹ kí á fi òṣùwọ̀n kan wọn àlàyé àwọn àgbà, kí á fi òmíràn wọn oògùn wọn.

Ohun tí Scribonius ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n da èso ewéko kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní henbane sórí ẹyín iná, kí aláìsàn ya ẹnu gba èéfín rẹ̀, kó sì fi omi gbígbóná yọ ẹnu lẹ́yìn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, àwọn tó gbà á sì máa ń rí ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ nínú omi, wọ́n á ní kòkòrò ti bọ́. Èso náà ni iná mú kó bẹ́ tí ọ̀mùnú rẹ̀ yọ síta. Ní ọdún 1597, John Gerard kọ ọ́ sínú ìwé ewé àti egbò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù pé àwọn ayọ-eyín tó ń kiri ìlú a máa fi okùn ohun èlò orin wẹ́wẹ́ sínú omi kí wọ́n lè rí owó gbà. Èyí burú, kò sì sí bí a ṣe lè gbè wọ́n lẹ́yìn. Síbẹ̀, oró tó wà nínú henbane a máa mú ara dẹ̀, a sì máa kun ènìyàn lóorun. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń rí ìdẹ̀rùn kí onírọ́ tó na ọwọ́ gba owó. Ewéko kan náà lè pa ènìyàn bí ó bá pọ̀ jù. Nígbà tí Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní ọdún 1728, ó sọ pé òun fi awò tó ń mú ohun kékeré tóbi wá kòkòrò eyín, òun kò sì rí i. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló gba àwọn tí eyín ń ro nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi ìtọ̀ ara wọn yọ ẹnu. Ẹni tó tún àlàyé ṣe kì í fi dandan tún oògùn ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Nílẹ̀ Yorùbá, orín ata ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí. Egbò igi náà ni wọ́n ń wà jùlọ, igi ẹlẹ́gùn-ún ni, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un sì ni Zanthoxylum zanthoxyloides. Bí ènìyàn bá rún un lẹ́nu, á kọ́kọ́ ta bí ata, itọ́ á máa dà, ètè á máa jó fìrìfìrì, lẹ́yìn náà ni ahọ́n àti ẹran ìdí eyín á kú, tí ènìyàn á fi ọwọ́ kàn án tí kò ní mọ̀ ọ́n lára dáadáa. Àwọn èròjà tó wà nínú egbò náà ló ń dí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ lọ́wọ́. Nísinsìnyí, ẹ wo òdìkejì òkun. Ní Amẹ́ríkà, igi mìíràn wà tó jẹ́ ọmọ ìyá orín ata, Zanthoxylum ni òun náà. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ń jẹ èèpo rẹ̀ bí eyín bá ń ro wọ́n, àwọn Òyìnbó tó bá wọn níbẹ̀ sì sọ ọ́ ní igi eyín ríro. Ní Íńdíà àti Nepal, igi kẹta nínú ẹbí yìí ni wọ́n ń fi rin ẹnu, tí wọ́n sì ń fi sí eyín tó ń ro. Wọn kò bára wọn pàdé, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi tí ènìyàn lè mú, síbẹ̀ ẹbí igi kan náà ni ọwọ́ wọn bà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Ifáfitì Ifẹ̀ tún gbé egbò orín ata yìí yẹ̀ wò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn èròjà tó ń dá ẹ̀jẹ̀ tó ti yí ìrísí padà sí bó ṣe yẹ ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìgbàgbọ́ lásán ló ń wo aláìsàn sàn, pé ọfọ̀ àti ọ̀rọ̀ dídùn oníṣègùn ló fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo gbà pé ọkàn a máa pẹ̀lú ara ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kò lè mú kí èrò Amẹ́ríkà, Íńdíà àti ilẹ̀ wa mú ẹbí igi kan náà, ẹni tí kò gbà pé orín ata jẹ́ oògùn pàápàá, ahọ́n rẹ̀ á kú bó bá rún un. Ọ̀rọ̀ àgbọ̀n tún mú un ṣe kedere sí i. Nínú ìwé ìṣègùn Íjíbítì kan tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1600 ṣáájú ìbí Jésù, tí a ń pè ní ìwé Edwin Smith, a rí ẹni tí egungun àgbọ̀n rẹ̀ yẹ̀, tó ya ẹnu tí kò lè pa á dé mọ́. Wọ́n ní kí oníṣègùn fi àtàǹpàkò méjèèjì bọ inú ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀yìn egungun náà, kí àwọn ìka tó kù wà lábẹ́ àgbọ̀n, kó tì í padà sí àyè rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé ìwòsàn lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ọwọ́ tó ṣe èyí mọ bí egungun ṣe so pọ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé pípa ìrora kì í ṣe ìwòsàn, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ewu, nítorí eyín tí kò ro mọ́ ṣì ń jẹrà. Òtítọ́ ni. Ọyún tó bá kó sí ìdí eyín lè mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, kó gba ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀, kó sì pa ènìyàn. Nínú àkọsílẹ̀ ikú ìlú Lọ́ńdọ́nù tí John Graunt yẹ̀ wò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1662, eyín wà lára ohun tí wọ́n ní ó ń pa ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ tó ń hu eyín ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kì í sì í ṣe ṣúgà nìkan ló dá a sílẹ̀: nínú ihò àpáta Taforalt ní Mòrókò, lára òkú àwọn tó gbé ayé ní nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn, ó lé ní ìdajì eyín wọn tó ti jẹ. Nítorí náà n kò ní sọ pé orín ata wo ọyún sàn. Kò wò ó. Yíyọ eyín ló ń parí rẹ̀, àwọn àgbà sì ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fojú kéré ìdẹ̀rùn ìrora, kó rántí pé ẹni tí eyín ń ro kì í sùn, kì í jẹun, kì í sì í lè ya ẹnu kí ẹlòmíràn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Rírin ẹnu láràárọ̀ pẹ̀lú orín ayìn, orín ìdí tàbí ewúro sì ń dènà ohun tí kò sí oògùn fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti fọwọ́ sí lílo orín.

Àtakò kan tún ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn àwọn àgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní ṣebí kòkòrò àìfojúrí ni àwọn dókítà ń sọ báyìí, a jẹ́ pé àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n. Rárá o. W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Berlin, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1890 pé àwọn kòkòrò àìfojúrí kì í jẹ eyín bí ẹni jẹ obì: ìyókù oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, omi kíkan tí wọ́n ń tú jáde ló sì ń yọ́ eyín. Orúkọ lásán ni àlàyé méjèèjì fi pàdé. A kò gbọ́dọ̀ fi irọ́ bọlá fún àwọn àgbà nígbà tí òtítọ́ tó ohun àmúyangàn.

Òtítọ́ náà sì wà nínú abẹ́rẹ́ tí dókítà eyín ń gún. Àwọn ará òkè Andes ni wọ́n ń jẹ ewé coca tó ń mú ẹnu kú. Láti inú ewé yẹn ni wọ́n ti fa cocaine yọ, dókítà Carl Koller fi pa ìrora ojú ní Vienna ní 1884, kí ọdún náà tó parí dókítà William Halsted ti ń gún un sí iṣan àgbọ̀n ní New York. Ní 1905 ni Novocaine, oògùn tó ń pa ìrora, dé láti Jámánì, wọ́n fara wé ti ewé náà láìní ìpalára rẹ̀. Kànáfùrù kò tilẹ̀ nílò àfarawé. Òróró inú rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì ń pò mọ́ ìyẹ̀fun zinc oxide láti fi dí ihò eyín fún ìgbà díẹ̀, òórùn rẹ̀ ló sì ń pàdé aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn eyín.