Ẹ̀tù àti Ọta: Ohun tí Ọdẹ Ilẹ̀ Lẹ́kí Ń Ki sí Ìbọn Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?" Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìbọn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ń mú ìbọn dún. Kì í ṣe ìbọn fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, bí kò ṣe ohun tí ọdẹ ń ki sínú rẹ̀: ẹ̀tù, ìdì, ọta, àti òkúta tí ń ṣá iná. Ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, láti Ajah títí dé Lẹ́kí, ni mo sì fi ojú sí jù, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni ó jẹ́ fún ọjà òyìnbó ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí a bí àwọn baba wa sí. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ó yan ohun tí ọdẹ wa ń ki sí ìbọn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹtu ni ẹran tí ọdẹ ń lé. Ẹtù ni ẹyẹ tí àwọn mìíràn ń pè ní awó. Ẹ̀tù sì ni lúlúbú dúdú tí a fi ń pa àwọn méjèèjì. Oògùn tí a jó, tí a sì lọ̀ kúnná, ẹ̀tù náà ni a ń pè é. Lójú tèmi, nígbà tí òyìnbó kó ohun dúdú yìí dé, àwọn baba wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ fún un. Wọ́n rí i bí ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun kíkúnná tí agbára pamọ́ sí inú rẹ̀, tí kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré.

Iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́ ni kíki ṣakabùlà. Ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi ìdì tẹ̀ lé e, yóò fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, yóò kó ọta sí i, yóò sì tún fi ìdì mìíràn dé e kí ọta má baà yí dànù. Nínú gbogbo èyí, yíyàn ni. Ẹ̀tù tí ó kúnná jù ni ó dára ní ibi tí iná ti ń ràn, nítorí pé ó tètè ń gbiná. Èyí tí ó rí wóró-wóró ni ti inú ìbọn. Ọta wẹ́wẹ́ ni ti ẹyẹ àti ọ̀yà. Ọta ńlá ni ti ìgalà. Òjé ni ó dára jù fún ọta, ṣùgbọ́n níbi tí òjé bá ti wọ́n, ọdẹ a máa tọ alágbẹ̀dẹ lọ fún irin gígé. Àkísà tàbí ewé gbígbẹ lè ṣe ìdì.

Àárín omi méjì sì ni ilẹ̀ Lẹ́kí wà. Èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní saltpetre ni a pò pọ̀ di ẹ̀tù dúdú, irú àdàlù bẹ́ẹ̀ kì í sì í kọ ọ̀rinrin. Ẹ̀tù tí ó bá ti fa omi lè gbiná lójú kí ó má gbiná nínú. Ìtàkìtì lásán ni èyí bí ó bá jẹ́ ẹyẹ ni ó wà níwájú ọdẹ; bí ó bá jẹ́ ìmàdò tí ó ti fara gbọgbẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ìdí nìyí tí ìwo tàbí kèrègbè tí a dé pinpin fi jẹ́ ohun tí ọdẹ ń ṣọ́ bí ojú.

Báwo ni ẹ̀tù yìí ṣe ń dé? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, ìjà tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Agídìngbì nítorí ìró àgbá. Kòsọ́kọ́ lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti aṣojú Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn: ó yọwọ́ nínú ọ̀ràn oyè Èkó, àwọn náà sì gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Palma àti Lẹ́kí. Epo pupa ń jáde láti etíkun wa. Aṣọ, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ń wọlé. Ní 1862 Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, nígbà tí ó sì di 1863 èbúté méjèèjì ti bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń gba owó ibodè ni ó mọ iye ẹ̀tù tí yóò kọjá.

Ìbọn mìíràn tún dé. Ní 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Snider fún àwọn ọmọ ogun wọn, èyí tí a ń ki láti ìdí, tí ẹ̀tù, ọta àti ohun tí ń tan iná rẹ̀ jọ wà nínú ìkarahun kan ṣoṣo. Nígbà ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tí ó wà ní Èkó ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Wọ́n gba ojú ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn, kí wọ́n tó gun òkè láti apá Oǹdó. Ìró ìbọn ni ó sọ ogun náà ní Kírìjì. Ẹ kíyè sí i pé ogun méjì ni etí àwọn baba wa sọ lórúkọ, Agídìngbì àti Kírìjì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ dé gan-an. Ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pé jọ sí Brussels, wọ́n sì ṣe òfin pé kí a má ṣe kó ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ wọ apá tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjà ni ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán àti ẹ̀tù lásán, àwọn náà sì gbọ́dọ̀ wà ní ilé ìṣúra ìjọba kí a tó tà wọ́n. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 náà ya ìbọn tí a ń ki láti ẹnu sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá rí ọdẹ wa pẹ̀lú ṣakabùlà, tí ó sì wí pé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú, irọ́ ni ó ń pa mọ́ ọn. Àwọn baba wa mọ Snider, wọ́n sì fi jà. Òfin ni ó dá ọdẹ padà sí ẹnu ìbọn. Yíyàn tí ó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ni ó sọ di ọgbọ́n.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, ọ̀pọ̀ ọdẹ ń fi ọwọ́ ara wọn ki ọta. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń yàn: ìkarahun, ohun tí ń tan iná, ẹ̀tù àti ọta. Ṣùgbọ́n ìwé wà níwájú wọn tí ó sọ òṣùwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ọdẹ tiwa kò ní ìwé. Ojú, imú àti ìka ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ewu ńlá sì wà nínú èyí. Láti 1884, nígbà tí Paul Vieille ará Faransé ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, irú ẹ̀tù méjì ni ó wà ní ayé. Agbára ti tuntun pọ̀ ju ohun tí ṣakabùlà lè gbà lọ. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Ohun tí ọdẹ àgbà fi ń lu ọmọ rẹ̀ lọ́gọ ẹnu nípa ẹ̀tù nìyí: àìmọ̀ yìí a máa fọ́ ojú, a sì máa gé ọwọ́.

Lónìí, ilé ti bo ibi tí igbó wà láti Lẹ́kí dé Ajah. Ibùdó ìdáàbòbò ẹ̀dá tí a dá sílẹ̀ ní 1990, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 78, wà lára ibi díẹ̀ tí ọ̀bọ àti ìgalà ṣì ní ààyè, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ yìnbọn níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a padà sí ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wa ni pé kí ẹ tọ àwọn ọdẹ àgbà tí ó kù lọ, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo apá ìbọn, oríṣi ẹ̀tù àti ìwọ̀n ọta sílẹ̀ lẹ́nu wọn. A ti ní àkójọ ìjálá wọn. Bí a bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn kú mọ́ wọn lẹ́nu, àwọn tí ó ń bọ̀ yóò mọ bí ọdẹ ṣe ń kọrin, wọn kì yóò mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.