Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìrìnnà Inú Ọ̀pá Aláìláfẹ́fẹ́: Láti South Devon (1847) dé Nevada (2020)

Ìfáàrà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, Elon Musk gbé ìwé àbá kan jáde tí ó pè ní Hyperloop Alpha. Nínú àbá náà, ọkọ̀ yóò máa sáré nínú ọ̀pá onírin tí a ti fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, yóò sì gbé èrò láti Los Angeles dé San Francisco láàrin ìṣẹ́jú 35. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tuntun pátápátá ni èyí. Èrò iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí tiwọn. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìtàn ti dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò rí, àti pé kì í ṣe àìsí agbára tí yóò wa ọkọ̀ ló bà á jẹ́, bí kò ṣe ìṣòro dídí gbogbo ihò ara ọ̀pá lójoojúmọ́. A ó sì fi hàn pé ihò tí ó fa àdánù owó láyé ọjọ́un ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lónìí.

Bí Èrò Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ní ìwúwo. Lórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, ìwúwo afẹ́fẹ́ tó bíi tọ́ọ̀nù 10. Bí a bá fi ìka dí ẹnu sírínjì, tí a fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò sáré padà sínú. Afẹ́fẹ́ ìta ló tì í. Orí ìmọ̀ yìí ni George Medhurst dúró lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó dábàá ní ọdún 1810 pé kí a máa fi afẹ́fẹ́ ti lẹ́tà àti ẹrù nínú ọ̀pá. Ní ọdún 1812, ó fi ti èrò ọkọ̀ kún un.

Samuel Clegg àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Samuda ló sọ àbá di iṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1830. Wọ́n tẹ́ ọ̀pá sí àárín irin méjèèjì tí rélùwéè ń gbà. Irin roboto kan wà nínú ọ̀pá náà, ó bá inú rẹ̀ mu rẹ́gí bí ìdí sírínjì. Ẹ̀rọ onísítíìmù a máa fa afẹ́fẹ́ kúrò níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta a sì máa tì í láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà ní ìta. Nítorí náà, wọ́n la ẹ̀yìn ọ̀pá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí apá irin tí ó so ọkọ̀ pọ̀ mọ́ irin roboto náà lè rí ibi gbà. Awọ ni wọ́n fi bo ojú ìlà náà, wọ́n sì fi ọ̀rá ẹran àti ìda oyin lẹ̀ ẹ́ pa.

Ìdánwò South Devon

Ọ̀nà kúkúrú ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ jẹ́. Ti Dalkey ní Ireland, tí kò gùn tó kìlómítà 3, ṣiṣẹ́ láti ọdún 1843 títí di 1854. Ti Saint-Germain ní ilẹ̀ Faransé, tí ó tó kìlómítà 2 ó lé díẹ̀, ṣiṣẹ́ láti ọdún 1847 di 1860. A kò lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kùnà.

Ní ọdún 1844, ìlúmọ̀ọ́ká onímọ̀ ẹ̀rọ nì, Isambard Kingdom Brunel, gba àwọn olùdarí rélùwéè South Devon nímọ̀ràn láti lo ọ̀nà yìí. Ní ọdún kan náà, Robert Stephenson yẹ iṣẹ́ Dalkey wò, kò sì fara mọ́ ọn. Ó tọ́ka sí i pé bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, gbogbo ọ̀nà náà ló dúró. Ti Brunel ni wọ́n tẹ̀ lé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1847, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná Exeter sí Teignmouth. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1848, ó ti dé Newton, ó di nǹkan bíi kìlómítà 32. Ilé ẹ̀rọ wà ní bíi kìlómítà 5 síra wọn. Ọkọ̀ náà yá: nígbà mìíràn, eré rẹ̀ a máa kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Kò sí èéfín, kò sì sí ariwo ẹ̀rọ níwájú èrò.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Awọ ni ògiri tí ó lanu ní South Devon. Oòrùn gbẹ ẹ́, òtútù mú un le gan-an, omi àti ìpata irin sì jẹ ẹ́ run. Afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibi gbogbo, àwọn ẹ̀rọ sì ń jó èédú ju bí a ti ṣírò lọ. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí wáyà ìránṣẹ́ láàrin àwọn ilé ẹ̀rọ. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, ẹ̀rọ a máa fa afẹ́fẹ́ lásán. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ pé pípààrọ̀ awọ náà yóò gba bíi 25,000 pọ́ùn, Brunel fúnra rẹ̀ gbà pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1848, iṣẹ́ náà parí. Kò pé ọdún kan.

Kókó ibẹ̀ ni pé ohun tí ó ṣeé ṣe ní kìlómítà 2 kò ṣeé gbé ró ní kìlómítà 32. Bí ọ̀pá ṣe ń gùn sí i ni ibi tí ó lè jò ń pọ̀ sí i.

Láti Ìta Ọ̀pá sí Inú Ọ̀pá

Ohun tí ó yàtọ̀ nínú àbá òde òní ni pé ọkọ̀ àti èrò ti wọ inú ọ̀pá. Èyí mú ìlà ẹ̀yìn ọ̀pá kúrò, a kò sì nílò awọ mọ́. Ète rẹ̀ náà yàtọ̀: afẹ́fẹ́ kò ti ọkọ̀ mọ́, ńṣe ni a fà á kúrò kí ó má baà dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Nínú Hyperloop Alpha, afẹ́fẹ́ tí yóò ṣẹ́ kù kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti ìta lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ihò kò tán. Irin a máa gùn nígbà ooru, a sì máa súnkì nígbà òtútù. Bí ooru àti òtútù ibì kan bá fi ìwọ̀n 40 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì jura wọn lọ, ọ̀pá irin tí ó gùn ní kìlómítà 100 yóò fẹ́ fi bíi mítà 48 gùn sí i. A lè fi oríkèé sí i kí ó lè nà, kí ó sì súnkì, ṣùgbọ́n oríkèé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, òṣìṣẹ́ méjì ilé iṣẹ́ Virgin Hyperloop wọ irú ọkọ̀ yìí ní Nevada, ní Amẹ́ríkà. Mítà 500 ni ọ̀pá náà, eré rẹ̀ sì dé kìlómítà 172 ní wákàtí kan. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé ní ìparí ọdún 2023. Ọ̀pá ìdánwò tí wọ́n ṣí ní Veendam, ní Netherlands, ní ọdún 2024 jẹ́ mítà 420. Bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, gígùn wọn kò tilẹ̀ tó ti Dalkey.

Ọ̀rọ̀ Ààbò

Nígbà tí awọ South Devon bá jò, ọkọ̀ a dúró, èrò a sì bọ́ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ rere. Bí ara ọkọ̀ inú ọ̀pá òde òní bá jò, òfìfo ni ó yí èrò ká. Ìtàn ti fi èyí hàn wá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1971, ihò afẹ́fẹ́ kan ṣí láìtọ́ lára ọkọ̀ Soyuz 11 bí ó ti ń padà bọ̀ láti òfuurufú. Àwọn arìnrìn-àjò mẹ́ta inú rẹ̀, Dobrovolsky, Volkov àti Patsayev, kú kí wọ́n tó balẹ̀, nítorí wọn kò wọ aṣọ ààbò.

Àwọn kan lè sọ pé ọkọ̀ òfuurufú náà ń fò níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, kò sì sí ìbẹ̀rù. Òtítọ́ ni pé a ti mọ bí a ṣe ń kan ọkọ̀ tí kì í jò. Ṣùgbọ́n bí ti òfuurufú bá jò, awakọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ kíákíá sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀, ìbòmú afẹ́fẹ́ a sì gba èrò là títí tí yóò fi débẹ̀. Nínú ọ̀pá, kò síbi tí ọkọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ni a gbọ́dọ̀ dá padà sínú ọ̀pá, ìbòmú nìkan kò sì tó nínú òfìfo bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé ìrìnnà inú ọ̀pá kò lè ṣeé ṣe láé. Ohun tí ó sọ ni pé eré sísá kọ́ ni ìdánwò tòótọ́, nítorí ọkọ̀ South Devon náà sá eré. Nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa irú ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí, ó yẹ kí ó kọ́ wọn láti béèrè bí ọ̀pá tí a ti dán wò ṣe gùn tó, ẹni tí yóò máa yẹ ihò rẹ̀ wò lójoojúmọ́ àti iye tí yóò ná an, àti ọ̀nà tí èrò yóò gbà jáde bí nǹkan bá bàjẹ́. Títí a ó fi rí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lórí ọ̀pá tí ó gùn, àbá ni ó ṣì jẹ́.