Ohun Tí Ìkéde Kékeré Ń Sọ



Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ra àkàrà lọ́jà, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ dì í fún un, kí ó má tètè sọ ìwé náà nù. Kí ó nu epo ara rẹ̀, kí ó sì kà á. Ó lè bá ìkéde kékeré kan níbẹ̀: orúkọ ẹni tí ó kú, orúkọ ẹni tí ó pa orúkọ dà, tàbí ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ilẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ọba àti ti ogun ni ó máa ń gba iwájú ìwé, ṣùgbọ́n inú ìkéde kéékèèké ni a ti ń rí bí àwọn ènìyàn bíi tiwa ti gbé ayé.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ìwé ìròyìn ti ń jáde ní ìlú Aberdeen láti nǹkan bí ọdún 1748. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde màlúù tí ó sọnù, àti ẹṣin àti ohun èlò oko tí wọ́n fẹ́ tà ní gbàǹjo. Àwọn àgbẹ̀ tí kò kọ ìtàn ara wọn rí, ìkéde ni ó bá wọn kọ ọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Òyìnbó oníwàásù kan, Henry Townsend, ni ó tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, ọdún 1859. Orúkọ rẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1860 wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ọ̀rọ̀ ìjọ, ọmọ tí a bí, ẹni tí ó kú, oníwàásù tí ó ń bọ̀ tàbí tí ó ń lọ, àti ọ̀rọ̀ ọjà, gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbé jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ọjà wò. Ní ọdún 1861 ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sì tán títí di ọdún 1865. Òwú ibẹ̀ kò rọ́nà dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, owó òwú sì gbówó lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ogun òkè òkun ṣe wọ inú agbọ̀n àgbẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó ń ru òwú rẹ̀ lọ sọ́jà.

Owó ẹyọ ni owó ìgbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bá mi ṣírò o. Ogójì owó ẹyọ ni a ń sín pọ̀ sójú okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000, ẹrù tí ó tó alágbàrù kan láti rù. Okùn mélòó ni ó wà nínú ọ̀kẹ́ kan? Ẹni tí ó bá dáhùn pé 500 gbà á. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tí ó ta ọjà púpọ̀ ní láti wá ẹni tí yóò ru owó rẹ̀ relé!

Ìròyìn mìíràn tí ó ń ba àgbẹ̀ lẹ́rù ni pé wọ́n ti ọ̀nà. Nígbà ogun Ìjàyè, láti ọdún 1860 sí 1862, àti nígbà ìjà Rẹ́mọ tí ó tẹ̀lé e, ọ̀nà kò já geere mọ́. Bí ọ̀nà Èkó bá dí, epo kò ní lọ, iyọ̀ kò sì ní bọ̀. Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ilé ẹni ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, ọdún 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n lé àwọn òyìnbó lọ, Ìwé Ìròhìn sì dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1896. Ó gba Ifọ̀ kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Àgbẹ̀ tí ó ti ń fi ọjọ́ ọjà ka ọjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí fi agogo ka wákàtí, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹni tí ó ṣì ń wá òṣùká.

Nígbà tí Isaac Babalọlá Thomas dá ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1928, Akéde Èkó ni ó pè é. Orúkọ náà bá a mu. Akéde ni ẹni tí ń lu agogo kiri ìlú láti jẹ́ iṣẹ́ ọba. Nítorí náà, kí ìwé tó dé, a ti ní ìkéde tiwa. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé a fi àalè kọ́ sára igi rẹ̀: ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí ògbólógbòó ìgbálẹ̀, olè a sì mọ̀ pé igi náà ní olówó. Obìnrin a gbé ọjà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko, a kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye rẹ̀ hàn, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá rà á a fi owó sílẹ̀. Ìkéde ni èyí náà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a kó o pamọ́ sí. Ẹni tí ó mọ̀wé, tí ó sì lówó ìkéde lọ́wọ́, ni orúkọ rẹ̀ ń wà nínú ìwé. Bí a bá ń ka ìwé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a máa rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Ní ọdún 1978 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gba Ìbafọ̀ àti Mowé kọjá. Ọdún yẹn kan náà ni òfin ilẹ̀ tuntun jáde, tí ó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ibi tí ó ti jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo di ilé, ilẹ̀ sì di ohun ìjà. Ẹ wo ara ògiri, ẹ ó rí i kà: “Ilé yìí kì í ṣe títà.” Àalè ayé òde òní nìyẹn. Nígbà tí ìjà bá dé, wọn a máa bèèrè pé, “Ta ni ó ń dáko níbí? Kí ni orúkọ odò yìí?” Bí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n bá ti lọ, tí a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ bèèrè orúkọ oko, orúkọ odò àti orúkọ abúlé àtijọ́ lọ́wọ́ ìyá yín àgbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Bí ìkéde òkú tàbí ti ilẹ̀ ìdílé yín bá jáde, ẹ gé e, kí ẹ fi í pamọ́. Ìwé tí a fi di àkàrà lónìí lè jẹ́ ẹlẹ́rìí lọ́la.