Àlọ́, Ẹnà àti Ilé-Ẹ̀kọ́: Ìtàn Eré Ọ̀rọ̀ Ọmọdé Láàárín Yorùbá-Nàgó

Kí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé tó dé Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ọmọdé ti ní ibi tí ó ti ń kọ́ èdè. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni àgbà máa ń pa àlọ́ àpamọ̀. «Àlọ́ o!» ni yóò wí, «Àlọ̀!» ni àwọn ọmọ yóò fi dáhùn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àfiwé, ìfarabalẹ̀ gbọ́ràn àti sísọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ.

Ẹnà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú irú rẹ̀ kan, ọmọ a máa fi «g» tẹ̀lé sílébù kọ̀ọ̀kan, a sì tún fáwẹ̀lì rẹ̀ pè pẹ̀lú ohùn kan náà: «bàtà» a di «bàgàtàgà», «ilé» a di «igilégé». Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ohun tí sílébù ń jẹ́, síbẹ̀ kì í ṣì í pín.

Ní 1924, ìlànà ìjọba Faransé fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ Faransé di èdè kan ṣoṣo nínú kíláàsì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí èdè ìyá rẹ̀ bá bọ́ lẹ́nu a gbé ohun ìtìjú kọ́ ọrùn, títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Àwọn ọmọ tí ń fetí sí ara wọn nínú eré wá ń fetí sí ara wọn láti fi ẹnìkejì sùn.

Òmìnira 1960 kò mú Faransé kúrò ní ipò yìí. Ní 1975 ni ìjọba Benin fi ìdí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè múlẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀kọ́ ìgbà náà sì fún àwọn èdè wọ̀nyí láyè ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n Faransé náà ni ó ń dúró de ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn yìí kan olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà gidigidi. Àgbàlagbà tí ó ti fi ẹnà ṣeré rí kì í ṣe òpè nípa sílébù àti ohùn. Bí a bá kọ «igba», «igbá», «ìgbà» àti «igbà» sára pátákó, àmì orí wọn nìkan ni ó ṣàjèjì sí i. Etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ wọn láti kékeré. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.