Pèrègún: Igi Ààlà Tó Di Fúláwà Káàkiri Ayé

Kí òpó sìmẹ́ǹtì àwọn awọnlẹ̀ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, pèrègún ni àwọn baba ńlá wa fi ń pààlà. Bí ẹbí bá pín oko, wọ́n á ri ọ̀pá pèrègún mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti pàdé ilẹ̀, lójú tọ̀tún-tòsì. Títí di òní, bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé kóòtù, ẹlẹ́rìí kan á dìde, á ní: “Pèrègún ni ààlà wa.”

Wọn ò ṣèèṣì yàn án. Ó pẹ́ tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé níṣẹ́ àgbẹ̀ n’Ìbàdàn, n kò sì mọ igi tó tún yẹ iṣẹ́ náà tó o. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gbẹ koríko oko, tútù ni ewé tirẹ̀ yóò wà. Kò béèrè irúgbìn. Ọ̀pá lásán tí a gé lára ìyá rẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò. Bí olè ilẹ̀ bá sì bẹ́ ẹ lóru, kùkùté rẹ̀ á tún rúwé. Èyí tí bàbá bàbá mi rì sí oko wa lọ́nà Àkàn­rán ṣì wà níbẹ̀, àwa àti ará oko kejì kò sì jà rí.

Àwọn Chagga ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro ní Tanzania náà ń fi pèrègún pààlà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ṣẹ ẹnìkejì lè mú ewé rẹ̀ lọ fi bẹ̀ ẹ́.

Ní 1762, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, kọ igi yìí sínú ìwé. Ní 1808 ni Ker Gawler, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sọ ọ́ ní Dracaena fragrans. Òdòdó rẹ̀ máa ń là lálẹ́, òórùn dídùn rẹ̀ á sì gba àgbàlá kan. Nígbà tó yá, ó di fúláwà inú ilé ní Yúróòpù. Lónìí, àwọn àgbẹ̀ Costa Rica ń gé ọ̀pá rẹ̀ tà sí òkè òkun. Ní Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, ó wà nínú ilé òrìṣà, “peregum” ni wọ́n sì ń pè é síbẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé a ń hú aláwọ̀ ewé ẹ̀yìnkùlé wa dànù, a ní igi òrìṣà ni, a sì tún ń fowó ra èyí tó nílà yẹ́lò lẹ́bàá títì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ gé ọ̀pá tó ti gbó, kó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ fi àmì sí orí rẹ̀, kí ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò. Ẹ gbé e sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú tí a gé lè gbẹ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ rì í dé ìdajì sí ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Ẹ má bomi jù sí i, ẹ má sì máa fà á tu wò.

Ẹni tó bá ń kọ́lé, kó ri pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó awọnlẹ̀. Kó pe aládùúgbò rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí gbogbo wọn jọ mọ ààlà.