Ta Ló Jẹ Èèpo Eyín Mi? Ìtàn Mínírà, Eku àti Itọ́

Bí ìgò mínírà bá wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ má ì dà á nù. Ẹ ṣáà gbọ́ mi tán ná.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, omi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí léyín. Kì í ṣe eyín kan o, gbogbo eyín iwájú ni. Mo rò pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, mo bá gba ọ̀dọ̀ dókítà eyín lọ. Ìyá náà tan iná sí mi lẹ́nu, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, kò sí kòkòrò níbí. Eyín rẹ ló ń fẹ́lẹ́. Kí lo máa ń mu?"

Mo ní, "Omi ni, mà." Ó wò mí. Mo ní, "Omi àti mínírà." Ó tún wò mí. Mo ní, "Mínírà ni, mà."

Òru ni mo máa ń to ohùn ètò yìí pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìgò mínírà oníke a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màá mu díẹ̀, màá dé e, màá tún ṣí i, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di aago méjì òru. Bí mo bá sì mu ún tán, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń lọ fọ eyín, màá fọ̀ ọ́ kíkankíkan. Mo rò pé mo ń tọ́jú ara mi ni. Dókítà ní fífọ̀ yẹn gan-an wà lára ohun tó ba eyín mi jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Mo bá lọ wá ìtàn rẹ̀, mo sì rí i pé àríyànjiyàn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni èmi ń fi eyín ara mi parí.

Kí ló dé tí a fi ń pè é ní mínírà?

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, omi kan wà tó máa ń sun láti inú ilẹ̀, tó máa ń hó fúnra rẹ̀. Àwọn olówó a máa rìnrìn àjò lọ mu ún bí ẹni ń mu oògùn. Omi mínírà ni wọ́n ń pè é, nítorí èròjà inú ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ní 1767, Joseph Priestley, tó jẹ́ oníwàásù àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ń gbé nítòsí ilé ìpọntí kan ní ìlú Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé omi sókè orí àgbá bíà tó ń hó, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ sì wọnú omi náà. Bí ó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe omi tó ń hó nìyẹn. Nígbà tó di 1783, Jacob Schweppe ti sọ ọ́ di òwò ní ìlú Geneva. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ ní mínírà, orúkọ náà sì bá wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Afẹ́fẹ́ inú omi nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ pa eyín lára. Ohun tí wọ́n wá ń fi sí i lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kàn. Nínú èyí tó ń ta bí ọsàn, ásíìdì sítíríìkì ni, irú èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Nínú kólà, ásíìdì fọsifọ́ríìkì ni. Ásíìdì ló ń jẹ́ kó ta lẹ́nu, ṣúgà ló sì ń bo kíkan rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a kì í fi í mọ̀.

Ní 1886, John Pemberton, apòògùn kan ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, ṣe Coca-Cola. Inú ilé oògùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tà á, ife kan sẹ́ǹtì 5. Ní 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ sínú ìgò ní Èkó. Ní 1960, ọdún òmìnira gan-an, 7Up náà dé. Láti ìgbà náà, kò sí ìkómọ, kò sí ìgbéyàwó, kò sí òkú àgbà tí kò sí kéréètì mínírà ní ẹ̀yìnkùlé.

Eku Ọ̀jọ̀gbọ́n McCay

Ibi tí ìtàn yìí ti gbóná rèé. Clive McCay jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa oúnjẹ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Òun ló fi hàn ní 1935 pé eku tí a kò fún ní oúnjẹ àjẹkì máa ń pẹ́ láyé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó bá àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ wọn. Àwọn ọmọ ológun náà ń mu kólà púpọ̀, ó sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹnu yà á nígbà tó rí ásíìdì níbẹ̀.

Ó ki eyín èèyàn bọ inú kólà. Láàárín ọjọ́ méjì, eyín náà rọ̀. Ó tún mú eku, ó fún wọn ní oúnjẹ tó péye, ṣùgbọ́n kólà nìkan ni wọ́n ń rí mu. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, eyín ẹ̀rìgì wọn ti jẹ dé ìdí. Ní 1950, ó lọ sọ gbogbo èyí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tó ń wádìí kẹ́míkà inú oúnjẹ.

Àwọn tó ni kólà náà kò dákẹ́. Onímọ̀ kẹ́mísírì wọn dáhùn pé McCay ti gbàgbé ohun kan: itọ́. Ó ní eyín tó wà nínú ife kò ní itọ́, ṣùgbọ́n eyín tó wà lẹ́nu èèyàn ní.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo fẹ́ bínú sí ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé òótọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ wò ó. Èèpo funfun tó bo eyín, tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ̀námẹ́lì, ló le jù lọ nínú gbogbo ara èèyàn. Ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mí nínú. Bí egungun bá dá, yóò san. Bí awọ ara bá bó, òmíràn á hù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àmọ́ èèpo eyín tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, pH ni wọ́n ń pè é. Omi lásán wà ní 7. Bí ẹnu bá ti bọ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 5.5, èèpo eyín a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kólà wà ní nǹkan bíi 2.5. Ìlọ́po mẹ́wàá sì ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí, nítorí náà ásíìdì inú kólà fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ibi tí eyín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ.

Itọ́ ló dúró láàárín. Ó ń ṣan ásíìdì lọ, ó ń pa agbára rẹ̀, ó sì ń fi èròjà tó wà nínú rẹ̀ mú ojú èèpo tó rọ̀ le padà. Ṣùgbọ́n itọ́ nílò àkókò, nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló wá ń fún un láyè?

Ìgò tó gbọ́dọ̀ padà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá rán mi ní mínírà, ìgò òfìfo ni màá mú dání lọ. Bí n kò bá ní ìgò, mo gbọ́dọ̀ dúró mu ún níwájú ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ á sì wà lára mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti tán. Èmi á gba ilé lọ, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní 1973, Nathaniel Wyeth ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ìgò oníke tó lè gba mínírà tó ń hó dúró láì bẹ́. Ìgò náà fúyẹ́, kì í fọ́, ẹnikẹ́ni kò ní kí o dá a padà. Pàtàkì jù lọ, ó ní ìdérí tó ṣeé dé padà. Ìdérí kékeré yẹn ló yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Ẹ wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó: a ra gálà, a ra mínírà, a mu díẹ̀ ní Ọ̀jọ́tà, a mu díẹ̀ ní Máryland, a mu èyí tó kù lórí afárá. Ìgò kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n wákàtí méjì gbáko ni ẹnu fi kan. Kí itọ́ tó tún tiẹ̀ ṣe, a ti tún gbé òmíràn sí i. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí mo ṣe ní òru nìyẹn. Mo sọ ẹnu mi di ife McCay.

Ṣúgà ni gbogbo èèyàn ń bá jà. Òfin ìṣúná tí Nàìjíríà ṣe ní 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan mínírà aládùn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣúgà ló ń bọ́ kòkòrò eyín. Àmọ́ mínírà tí wọ́n kọ "kò sí ṣúgà" sí lára, ásíìdì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ohun mímu amáradá wà níbẹ̀. Zóbò wa náà kan.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí

Dókítà kò ní kí n búra pé n kò ní mu mínírà mọ́. Ó ní kí n máa mu ún bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń jẹ́ kí n mu ún: kí n mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, kí n mu ún tán, kí n kúrò nídìí rẹ̀. Kí n má fi í yọnu. Bí sítírọ́ọ̀ bá wà, kí n lò ó, kí n sì tì í wọlé kọjá eyín iwájú. Lẹ́yìn náà, kí n fi omi lásán yọnu.

Kí n má fọ eyín lójú ẹsẹ̀, nítorí èèpo tó ti rọ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì máa hó lọ. Kí n dúró bíi wákàtí kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń lo pákò. Ọṣẹ ìfọyín tó ní flúóráìdì ni kí n lò, torí ó ń ran itọ́ lọ́wọ́ láti mú eyín le. Ó sì kìlọ̀ fún mi gidi nípa òru: bí èèyàn bá ń sùn, itọ́ a máa dínkù gan-an, eyín á wá dá wà.

Èyí tó ti lọ lára eyín mi kò padà. Omi tútù ṣì ń ta mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi bí mo ṣe ń to ohùn yìí pọ̀ lónìí, mo sì fẹ́ kí ìyókù bá mi dé ọjọ́ ogbó.

Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tí ìgò mínírà kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i. Ẹ má bú u o, ẹ kàn ní kó gbọ́ ọ. Ó dìgbà kan ná. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa.