Àwọ́ta: Orúkọ fún Iṣẹ́ Ọwọ́ Onígìtá

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gìtá oníná kò ní pẹ́ rí ọ̀rọ̀ lò fún ara gìtá náà. Gìtá ti di tiwa látijọ́; okùn ni okùn, ọrùn ni ọrùn; píìkì àti àńpù kò da ẹnikẹ́ni láàmú, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa wá orúkọ gbọọrọ fún àńpù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wàhálà wà. Ẹ mú sweep picking, ọgbọ́n tí Yngwie Malmsteen sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nígbà tí àwo rẹ̀, Rising Force, jáde ní 1984. Ẹni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè á rí i pé sweep ni gbá, kíá, ó ti di "gbígbá okùn". Irú ìkánjú yìí ló ń bí mi nínú. Ohun èlò ṣeé yá orúkọ fún, ṣùgbọ́n orúkọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, inú èdè ló yẹ ká ti wá a, nítorí pé Yorùbá ti pín iṣẹ́ ọwọ́ olórin sí wẹ́wẹ́ kí gìtá tó dé.

Asawase, àdúgbò kan ní Kumasi ní Gánà, ni èyí ti hàn kedere, níbi tí Haúsá, Twi àti Yorùbá ti ń bá ara wọn pàdé lójoojúmọ́. Haúsá a máa lo kiɗa fún ìlù, a tún lò ó fún mólò tó jẹ́ olókùn. Twi a máa lo bɔ, tó jẹ́ lílù, fún ohun èlò olókùn. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fi play bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Àwa ń lu ìlù, à ń fọn fèrè, à ń tẹ dùùrù, à ń ta gìtá. Ta yìí la fi ń ta ọfà, òun la fi ń ta ayò, òun náà ni àkeekèé fi ń ta ènìyàn: ohun kan já bọ́ lójijì, ó sì ba ibi tó ń lọ. Bí okùn ṣe ń bọ́ lẹ́nu píìkì gan-an nìyẹn. Àbùkù kan ló ní. Tà ti ọjà, tó ní ohùn ìsàlẹ̀, a máa di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, nítorí náà "ó ń ta gìtá ní ọjà Kejetia" lè jẹ́ olórin, ó sì lè jẹ́ ọlọ́jà. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ sí i, ìyàtọ̀ á yọ: ó ń ta á, ó ń tà á.

Kí wá ni píìkì ń ṣe nínú sweep picking? Ó ń ti orí okùn kan bọ́ sórí èkejì nínú ìrìn kan ṣoṣo, láìdúró, láìgbéra. Ọwọ́ òsì a sì dẹ ìka lórí okùn tó ti dún kí ìró méjì má baà dà pọ̀. Gbá kò sọ èyíkéyìí nínú èyí. À ń gbá ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n à ń gbá bọ́ọ̀lù, à sì ń gbá ènìyàn létí. Ọmọ tí ẹ bá ní kó gbá okùn, lílù ni yóò lù ú. Wọ́ ló bá a mu: ẹsẹ̀ tí a bá ń wọ́ kì í kúrò nílẹ̀. Wọ́ nìkan kò tó, nítorí bí a bá kàn wọ́ píìkì kọjá, gbogbo okùn ni yóò dún pọ̀. Ọ̀rọ̀ ta yẹn ló ń fún okùn kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀. Bí dà àti kọ ṣe bí àdàkọ, tí jọ àti ṣe bí àjọṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́ àti ta yóò bí àwọ́ta. Ẹlòmíràn á ní ohun tí a ń wọ́ kì í yá, ọgbọ́n yìí sì yára bí àṣá. Ìdánrawò ló mú ìyára wá. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo onígìtá fi ń bẹ̀rẹ̀, ìfarakanra píìkì àti okùn kò sì yí padà.

Nínú àwọn orúkọ tó kù, arpeggio, ìyẹn kọ́ọ̀dù tí ìró rẹ̀ ń dún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló le jù. Ítálì ló fà á yọ lára arpa, ohun èlò olókùn tí Bíbélì Yorùbá fi dùùrù pè. Dùùrù ọ̀hún ti di ohun tí à ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ọ̀nà yẹn ti dí. Àwọn kan lè fẹ́ "ìtò kọ́ọ̀dù"; kí wọ́n rántí pé bí àmì kan bá bọ́ sábẹ́ ò, ìtọ̀ ló dà. Èmi fara mọ́ kọ́ọ̀dù títú: ìró tí a dì pọ̀ la ń tú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Kumasi. Nígbà tí Kwame Asare àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Kumasi Trio, gba orin Yaa Amponsah sílẹ̀ ní London ní 1928, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni wọ́n fi ń tú kọ́ọ̀dù lórí gìtá, láìsí píìkì.

Wọ́n á bi mí pé ta ló nílò èyí ní Gánà, lẹ́yìn tí àṣẹ tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pa ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969 ti lé ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ. Àwọn tó ṣẹ́kù, àtàwọn tó padà, ṣì ń sọ èdè náà nílé. Bí bàbá kan bá ń kọ́ ọmọ rẹ̀, ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ, ṣùgbọ́n "wọ́ ọ, má gbé e" ni yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ni mo ní ká gbà wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ kan ló kù: ní ti ìka kan tó ń tẹ okùn méjì, tó gbọ́dọ̀ yí láti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, "yíyí ìka" ti tó. Kò gba àríyànjiyàn.